Kẹ̀kẹ́ wákàtí kan ààbọ̀ ní Lọ́kọ́ja, láàárín Àbújá sí Ìlọrin

Láti Kubwa ní Àbújá dé Ìlọrin, bí a bá gba Lọ́kọ́ja àti Kàbà kọjá, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Kí a tó dé Ọmù-Àrán, ìdí á ti kú, ọrùn á ti gan, awakọ̀ á sì ti máa fi rédíò lé oorun lọ. Kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ fi dá ìrìn náà sí méjì: mountain bike tòkunbọ̀ méjì, tèmi àti ti àbúrò mi. Kí n tó ṣí máàpù rárá, mo ti kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ tí ibikíbi tí mo bá yàn gbọ́dọ̀ ní. Àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ gbà ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ láti ìgbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì títí a ó fi tún tan án. Èkejì, kò gbọdọ̀ jìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọ̀nà ńlá. Ẹ̀kẹta, òkè ni kó kọ́kọ́ wà, kí ìsọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta yìí ni mi ò kì í yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré sọ̀kalẹ̀ ti jẹ gbèsè: bí ṣéènì bá já, tàbí tí oòrùn bá mú un, òkè ló ń dúró dè é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gùn, kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣéènì pàápàá á gbé e dé ìdí mọ́tò, kí bíréèkì ṣáà ti wà. Nítorí ìyẹn náà ni mi ò ṣe fẹ́ ọ̀nà tó yí po. Ọ̀nà tí mo bá gbà lọ ni mo fẹ́ gbà bọ̀, kí n ti rí kòtò àti yangí tó kó jọ sí kọ́nà nígbà tí mo ṣì ń rọra gùn.

Nínú ìṣẹ́jú 90 yẹn, 60 péré ló jẹ́ ti kẹ̀kẹ́. 15 lọ sórí títo kẹ̀kẹ́, 15 sórí títú u, fífọ ọwọ́ àti pípààrọ̀ aṣọ. Mo pín 60 tó kù sí 40 fún gígùn àti 20 fún bíbọ̀. Aago ló ń sọ ibi tí a ó ti ṣẹ́rí padà.

Ibi mẹ́rin ni mo gbé yẹ̀ wò. Gwagwalada àti Abaji jọ lọ, nítorí a kò tíì jókòó tó kí ara tó ro wá. Koton Karfe tẹ́jú, ó sì wà létí odò. Ní 2012 àti 2022, omi bo ọ̀nà ńlá níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibi tí omi máa ń bò kì í ṣe ilẹ̀ kẹ̀kẹ́: iyanrìn níhìn-ín, amọ̀ lọ́hùn-ún, bí amọ̀ náà bá sì ti rin, á lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà kò fi ní yí nínú fọ́ọ̀kì mọ́. Kàbà ní òkè yí i ká, ó sì wù mí, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan la ó débẹ̀, àwọn ọ̀nà tó gun òkè níbẹ̀ sì máa ń gba inú oko olóko kọjá. Mo fi Kàbà sílẹ̀ fún iyán.

Ó ku Lọ́kọ́ja. Òkè Patti dúró sórí ìlú náà bí ẹni ń ṣọ́ ilé, ọ̀nà mọ́tò yí gun orí rẹ̀, fọgánáísà wà nítòsí, ilé ìwòsàn ńlá wà nínú ìlú. Pátí ni àwọn Núpé ń pe òkè, òun náà ló wà nínú orúkọ Pàtígí, tó túmọ̀ sí òkè kékeré. Ẹni tó bá wí pé Òkè Patti, òkè-òkè ló ń wí. Ilé ìsinmi Lugard àti igi oṣè ńlá kan wà lókè níbẹ̀. Wọ́n sì máa ń sọ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fún wa lórúkọ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé orúkọ náà jáde ní January 1897, ọdún márùn-ún kí ó tó fẹ́ Lugard ní 1902. Ẹ gbádùn ìtàn náà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ rò pé dandan ni kí a dé orí òkè.

Ìdí tí kò fi ṣe dandan rèé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ fún gíga òkè náà ni 458 m sí ojú òkun, odò tó wà nísàlẹ̀ kò sì ga tó 100 m. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lè fi wákàtí kan gòkè 400 m. Ìṣẹ́jú 40 á gbé e dé nǹkan bíi 260 m, ìyẹn bí kò bá sọ̀kalẹ̀ tì í. Bí a bá rí orí òkè kó tó pé ìṣẹ́jú 40, ó dára. Bí a kò bá rí i, a ó yí padà síbi tí aago bá bá wa.

Bí o ṣe lè mọ bí òkè ṣe le tó láti orí fóònù ni pé kí o lo máàpù tó ní àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Ibi tí wọ́n bá ti fún pọ̀, ibẹ̀ le. Fi iye mítà tí ìwọ yóò gùn sókè wé bí ọ̀nà ṣe gùn tó: 300 m sókè lórí 4 km jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí jíà tó rọ̀ jù á gbé. Bó bá ti kọjá 12 fún ọ̀nà tó pẹ́, mo máa ń ka ìrìn ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ní ti Strava, áàpù tó ń fi àwọ̀ hàn ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà, ibi tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ́n ní apá ọ̀dọ̀ wa kò sọ pé ọ̀nà kò sí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó gbà á kò tan fóònù rẹ̀.

Máàpù kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe lọ́wọ́. Mo pe ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ tó ṣáájú. Nígbà tí a débẹ̀, mo tún bi ọlọ́kadà méjì tí wọn kò dúró síbì kan náà: ṣé ọ̀nà ṣí, ta là ń sanwó fún, ṣé èèyàn ti gùn ún láàárọ̀ yìí? Òfin mi ni pé bí ìdáhùn méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, tàbí tí ẹnì kan bá ń fà á tì, kẹ̀kẹ́ kò ní kúrò nínú mọ́tò. Ẹja Lọ́kọ́ja la ó jẹ, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ. Ọ̀rọ̀ ààbò lójú ọ̀nà yìí kọjá ohun tí èèyàn ń fi ọkàn akin ṣe.

Bí a ṣe kó kẹ̀kẹ́ wọ Corolla: mo dojú ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn bolẹ̀, mo yọ táyà iwájú méjèèjì, mo sì yọ pẹ́dà. Pẹ́dà òsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bàjẹ́, nítorí òdìkejì ni ó ń tú. Bí o bá ń yí i bí o ṣe ń yí tọ̀tún, ńṣe lò ń fún un sí i. Sípánà 15 mm ló mú tiwa. Apá tí ṣéènì àti jíà ẹ̀yìn wà ni kó kọjú sókè. Bí o bá tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí jíà rọ̀ mọ́ á tẹ̀, ìwọ náà á sì máa ṣe kàyéfì nídìí òkè pé kí ló dé tí ṣéènì ń fo. Mo tẹ́ ẹní sáàárín kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Níbi tí àwo bíréèkì iwájú ti kúrò, mo fi páálí tí mo ká sí méjì há àárín páàdì, nítorí bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì tẹ bíréèkì olóróró nígbà tí àwo kò sí láàárín rẹ̀, páàdì á pàdé, táyà kò sì ní wọlé mọ́ títí o ó fi rọra fi nǹkan pẹlẹbẹ yà wọ́n.

Afẹ́fẹ́ táyà ni kí a dúró lé díẹ̀. Táyà wa jẹ́ 29 × 2.25, túùbù wà nínú rẹ̀. Fún ẹni tó tó 75 kg, mo ń lo 28 psi níwájú, 31 lẹ́yìn. Ibi tí a ó ti gùn ni mo ti ń wọ̀n ọ́n, mi ò kì í wọ̀n ọ́n nílé, nítorí búùtù tí oòrùn ń pa lè gbóná gan-an. Táyà tó jẹ́ 28 ní 25°C á di nǹkan bíi 32 bí inú búùtù bá dé 55°C. Bí o bá tú u padà sí 28 nígbà tó ṣì gbóná, á wálẹ̀ sí 25 nígbà tó bá tutù sí 35. Bí búùtù bá gbóná, gbé táyà sí ibòji fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó wọ̀n ọ́n. Tún wo ẹnu túùbù rẹ: èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè bá ẹnu ẹ̀rọ fọgánáísà mu láìsí irin kékeré tí a máa ń dè mọ́ ọn. Ó kéré ju eékánná lọ, ó rọrùn láti gbàgbé, ọjọ́ tí o bá gbàgbé rẹ̀ sì ni pọ́ńpù rẹ á bàjẹ́.

Nínú àpò: túùbù kan fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìtúyà méjì tí a fi ń yọ táyà, pọ́ńpù tó ní aago ìwọ̀n, gọ́ọ̀mù àti pẹlẹbẹ rọ́bà, ìjápọ̀ ṣéènì kan, kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà 4, 5 àti 6 mm. Omi lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí kẹ̀kẹ́, omi inú ọ̀rá kan tó ń dúró de ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú mọ́tò. Mo po ìgò kan ní ti omi iyọ̀ àti ṣúgà: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sínú lítà kan, gbogbo ṣíbí náà ní ojú pẹrẹsẹ. Akoto, ìbọ̀wọ́, àti ìgò ojú nítorí eruku ọyẹ́.

A kúrò ní Kubwa ní aago márùn-ún ààbọ̀, a dé Lọ́kọ́ja kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Mo ra epo ná kí n tó bẹ̀bẹ̀ fún ibi tí a ó gbé mọ́tò sí.

"Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gbé mọ́tò síbí di aago mẹ́wàá ààbọ̀, a fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gun òkè yẹn díẹ̀."

"Ọ̀kun. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ má dí tírélà lọ́nà. Òkè yẹn mà ga o."

Ní gígùn, mo pààrọ̀ jíà sí èyí tó rọ̀ kí n tó kan ibi tó le. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń fi gbogbo agbára tẹ̀, pípààrọ̀ jíà ló ń já ṣéènì. Mo sún wá síwájú àga, mo tẹ àyà sílẹ̀, kí táyà iwájú má baà máa gbéra. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá la fi ń mu omi, òǹgbẹ ìbáà gbẹ wá ìbáà má gbẹ. Nígbà tó pé 40, a yí padà.

Kí a tó sọ̀kalẹ̀, mo rẹ ìjókòó sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ìdí lè ríbi sún sẹ́yìn. Bíréèkì ni ìsọ̀kalẹ̀ gígùn ń jẹ. Má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ gírígírí fún ìgbà díẹ̀, tú u sílẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ilẹ̀ tó dì ni mo ti ń dín eré kù, kí n tó wọ kọ́nà, nítorí lórí yangí wẹ́wẹ́ bíréèkì iwájú á gbá táyà lọ lábẹ́ rẹ bí ẹni tẹ ẹ̀wà gbígbẹ. Nígbà tí mo gbóòórùn jíjó, a dúró ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó ń lo bíréèkì tó ń di etí irin táyà mú gbọ́dọ̀ dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ooru etí irin yẹn lè bẹ́ túùbù.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ "pìììì" láti táyà ẹ̀yìn àbúrò mi. Mo fa túùbù yọ: ihò wẹ́wẹ́ méjì, ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkíní, bí ibi tí ejò gé. Ẹ̀gún kì í lu ihò méjì bẹ́ẹ̀. Òkúta ló gbá táyà mọ́ etí irin, tó sì fún túùbù pọ̀ sáàárín, ohun tó sì fà á ni pé àtàǹpàkò ló fi wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní ilé epo, kò lo aago. Táyà iwájú rẹ̀ tí mo wọ̀n níbẹ̀ jẹ́ 21. Mo fi ìka yí inú táyà ká bóyá nǹkan há síbẹ̀, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú túùbù tuntun kó lè yí roboto, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo fi àtàǹpàkò méjèèjì ti etí táyà sínú láìlo ìtúyà, torí ìtúyà ló máa ń gé túùbù tuntun. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ní ìdí mọ́tò, a kò fọwọ́ kan àwo bíréèkì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó lè bó ni lára, ó sì lè jó aṣọ àga. A fọ ọwọ́, a pààrọ̀ ẹ̀wù. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 41 la gbọ̀nà Ọbàjánà, láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì.

Ní Kàbà, bí wọ́n ṣe ń gún iyán lọ́wọ́, mo fi sáńpépà họ ojú ihò méjèèjì, mo fi gọ́ọ̀mù ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì gbé e sórí tábìlì kó gbẹ títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, nítorí gọ́ọ̀mù tútù kì í mú rọ́bà. Iyán dé kí ó tó gbẹ tán.