Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Fi Ìgbáradì Eré Ìje Kúkúrú Kún Iṣẹ́ Òòjọ́

Nítorí pé eré máráthọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42.195, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo eré kìlómítà 5 bí ohun tí kò tó nǹkan, wọn a sì máa rò pé ẹsẹ̀ yíyá nìkan ni ó gbà. Ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbáà jẹ́ ẹni tí yóò fi ìṣẹ́jú 40 sá a, ìbáà jẹ́ Joshua Cheptegei ọmọ Uganda, tí ó sá mítà 5,000 ní ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 35.36 ní Monaco ní ọdún 2020, èémí ni ó ń gbé eré náà dópin, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú ni ara fi ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí ó ń ná lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń múra sílẹ̀ fún un bí ẹni tí ó fẹ́ sá mítà 100, tí ó ń sá eré àsápajúdé nígbàkígbà tí ó bá jáde, eré mìíràn ni ó ń múra fún.

Ó rọrùn láti mọ̀ bóyá eré tí a ń sá tutù tó. Bí ẹni méjì bá jọ ń sáré, ó yẹ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ geere, kí gbólóhùn wọn sì parí kí wọ́n tó mí. Ẹni tí ó dá jáde lè ka nǹkan tí ó mọ̀ sórí sí etí ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì méjì ni ó ń já jáde lẹ́nu rẹ̀, eré náà ti le jù. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí àyè sáré lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó yẹ kí ó tutù báyìí, kí ẹyọ kan ṣoṣo le. Ohun tí a sábà ń rí yàtọ̀ pátápátá: ẹni náà a sá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní agbede méjì, kò rọra débi tí ara yóò fi rí ìsinmi, kò sì yára débi tí ara yóò fi kọ́ ohun tuntun, oṣù méjì a sì kọjá láìsí ìyàtọ̀ kankan lára aago rẹ̀. Arthur Lydiard, olùkọ́ni eré sísá ọmọ New Zealand, mú kí àwọn tí ó ń kọ́ máa sáré tó kìlómítà 160 lọ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan eré kíkankíkan, kò sì yọ Peter Snell sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ mítà 800 ni Snell fẹ́ lọ díje nínú rẹ̀. Ní Róòmù ní ọdún 1960, Snell gba góòlù mítà 800, Murray Halberg tí òun náà wà lábẹ́ Lydiard sì gba góòlù mítà 5,000 lọ́jọ́ kan náà. Kí ẹnikẹ́ni tí ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ má tìtorí èyí dán kìlómítà 160 wò o. Ètò inú rẹ̀ ni kí a mú, kí a fi iye rẹ̀ sílẹ̀.

Lójú tèmi, àṣìṣe tí ó burú jù ni kí a ka ìgbáradì sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù ayé wa. Àpò kan ṣoṣo ni ara ní. Inú rẹ̀ ni ó ti ń ná sí iṣẹ́, sí àìsùn, sí ìrònú àti sí eré sísá, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé èwo ni wọ́n kọ sínú ìwé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá da ètò ìgbáradì sárésáré tí kò ní iṣẹ́ mìíràn kọ, tí onítọ̀hún ń sùn lọ́sàn-án tí ẹlòmíràn sì ń bá a gbọ́ oúnjẹ, ohun tí kò sí nínú àpò rẹ̀ ni ó fẹ́ ná.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹnì kan ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀, ọmọ rẹ̀ ti jí i lẹ́ẹ̀mejì lóru, ìpápánu ni ó fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán, ó sì délé tán, ó wo ètò rẹ̀, ó bá mítà 400 lọ́nà mẹ́fà, kíkankíkan, níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú díẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ó ní láti tú okùn bàtà sílẹ̀ kí ó tó lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ó bá fi ìbínú jáde, yóò sá mítà 400 àkọ́kọ́, aago yóò sọ fún un pé ó lọ́ra, yóò fipá mú ìkejì kí ó lè bá iye tí ó kọ sílẹ̀, àfàìmọ̀ kí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ má fà kí ó tó kan ìkẹta. Bí ó bá sì jókòó, tí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ó ń búra pé òun yóò sá ìlọ́po méjì lọ́la, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó yẹ kò le: kí ó jáde fún ogún ìṣẹ́jú, kí ó sáré jẹ́jẹ́ tàbí kí ó rìn, kí ó tètè sùn, kí ó sì sún eré kíkankíkan náà sí òwúrọ̀ tí ó bá tẹ̀lé oorun gidi. Ó kéré tán, wákàtí méje ni oorun tí àgbàlagbà nílò lóru, ọ̀sẹ̀ ìgbáradì kò sì dín in kù. Ẹni tí ó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kí ó lè rí àyè sáré, tí kì í sì í sùn kí ó tó di aago méjìlá òru, ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbìn, ó ń fi ọwọ́ òsì hú u.

Ẹ má san gbèsè eré tí ẹ kò rí àyè sá. Bí iṣẹ́ tàbí ìnáwó bá gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú mọ́ yín lọ́wọ́, ọjọ́ méjì náà ti lọ; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó kàn. Agbára èémí kì í sá lọ nítorí ọjọ́ mélòó kan. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ méjì láìsáré rárá kí àdínkù rẹ̀ tó hàn gbangba. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Roger Bannister, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní London, tí ó sì ń fi àkókò ìsinmi ọ̀sán gbáradì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1954, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá ìdámẹ́rin máìlì lọ́nà mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 61 ni wọ́n há sí. Bí wọ́n ti ń tiraka tó, kò wálẹ̀. Bannister àti Chris Brasher bá pa eré tì, wọ́n lọ pọ́n òkè ní Scotland fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 59. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, Bannister lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oxford, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin: ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 59.4. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi òkè pípọ́n sinmi nígbà tí ìje bá kù dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọn kò sáré ni ó tú ohun tí ó há.

Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àṣìṣe tiwọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí wọn á já gaara, wọn á rò pé gbogbo ara ni ó ti ṣe tán, wọn á sì sọ ogún ìṣẹ́jú di ogójì. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń gbọ́ràn lóòótọ́. Egungun, àti okùn tí ó so iṣan mọ́ egungun, kì í tètè gbọ́, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojúgun, orúnkún àti iṣan òkè gìgísẹ̀ fi sábà máa ń dun ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ̀ pé òun ti mọ eré sá. Ètò tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, tí Josh Clark gbé jáde ní ọdún 1996, mọ èyí: ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ó gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sì ju kí a sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 60, kí a rìn fún 90, kí a tún sáré, títí ogún ìṣẹ́jú yóò fi pé. Àwọn kan máa ń fo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nítorí ojú ń tì wọ́n láti máa rìn níta gbangba. Ẹ má fò ó. Ara ríro tí ó wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ó sì ń rọlẹ̀ bí a ti ń sáré lọ, kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. Ìrora tí ó dúró sójú kan, ní ẹsẹ̀ kan, tí ó ń pọ̀ sí i, tí ó sì mú ni tiro, ọjọ́ náà ni a ó ti dúró. Ẹni tí ibà bá mú kò gbọ́dọ̀ sáré rárá, ẹni tí àyà bá sì ń dùn bí ó ti ń sáré, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó gbà lọ.

Àwọn kéékèèké kan wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má fi bàtà tuntun sá ìje. Ẹ má dúró gbọin kí ẹ máa na iṣan fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó sáré kíkankíkan. Ìrìn kíákíá, eré jẹ́jẹ́ àti ẹsẹ̀ jíjù síwá sẹ́yìn ni ó ń mú ara gbóná. Ẹ má jẹun yó kí ẹ sì sáré láàárín wákàtí kan. Ẹ má sọ gbogbo ìdánrawò di ìje: parkrun, eré kìlómítà 5 ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 13 ní Bushy Park ní London ní ọdún 2004, tí ó sì wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ báyìí, máa ń wáyé ní gbogbo Sátidé, ẹni tí ó bá sì fi gbogbo agbára rẹ̀ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé kì í ní nǹkan kan lẹ́sẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ tí ó ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ ti ọkàn fẹ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀. Eré jẹ́jẹ́ wà lára ìwọ̀nba àkókò tí ẹnikẹ́ni kò bi ni ní nǹkan kan, àṣìṣe gbáà ni kí a fi ìpè iṣẹ́ kún un. Ẹ jẹ́ kí ọkàn máa rìn bí ó ti wù ú, láìretí pé yóò mú ojútùú ìṣòro kankan bọ̀ wálé. Nígbà mìíràn, orin kan ṣoṣo ni yóò máa yí po lórí ẹni fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ohun tí ó léwu ni kí a gbé ìbínú ibi iṣẹ́ jáde. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á rò pé ara òun yá lónìí, kò ní mọ̀ pé ọ̀gá rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá jà, eré tí ó yẹ kí ó tutù á sì di kíkankíkan. Mo fara mọ́ ọn pé kí aago dúró sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nítorí pé ẹni tí a ń fi nọ́ńbà díwọ̀n níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kò nílò ọ̀gá kejì lọ́wọ́. Ẹ sì má fi ètò náà pamọ́ fún àwọn ará ilé. Ọjọ́ tí a jọ fẹnu kò lé lórí, tí olúkúlùkù mọ ẹni tí yóò bójú tó ọmọ, ni ó máa ń dúró. Èyí tí a bá yọ́ jáde lọ sá máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni, eré náà ni wọn yóò sì kọ́kọ́ pa rẹ́.

Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ìpayà á bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò rí àyè tó á fẹ́ fi ọjọ́ méje ṣe iṣẹ́ oṣù méjì. Eré líle tí a bá sá ní ọ̀sẹ̀ náà kì í tètè di agbára kí ọjọ́ ìje tó pé, àárẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a ó gbé débẹ̀. Kí a dín iye eré kù sí bí ìdajì, kí a fi ìwọ̀nba ìyára díẹ̀ sí i kí ẹsẹ̀ má baà gbàgbé, kí a sì sùn.

Ní ọjọ́ ìje gan-an, mítà 400 àkọ́kọ́ ni ó ń ba iṣẹ́ oṣù púpọ̀ jẹ́. Fèrè dún, àwọn ará iwájú ya lọ, ariwo gba ibẹ̀ kan, ẹsẹ̀ tí ó ti sinmi sì fúyẹ́ débi pé ìyára tí kò ṣeé bá dópin dà bí ìrìn gbẹ̀fẹ́. Èémí kò tíì fẹjọ́ sùn nígbà náà. Ó di ìparí kìlómítà kìíní kí ó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́, nítorí pé kìlómítà mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀. Cheptegei tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ sá kìlómítà kọ̀ọ̀kan, láti ìkínní dé ìkarùn-ún, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kí ẹni tí ó fẹ́ parí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú má ṣe sá kìlómítà àkọ́kọ́ yára ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, ì báà jẹ́ pé àwọn ọmọdé ń kọjá lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò bá níwájú.

Bí ẹ bá sì ti kọjá ìlà òpin, ẹ má dúró lójijì, ẹ má sì wólẹ̀ jókòó. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ń sáré lọ sí ẹsẹ̀ lè dúró síbẹ̀ kí ojú sì máa ṣú yín. Ẹ máa rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tó fi orúkọ sílẹ̀ fún èyí tí ó kàn, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé léèrè.