Bí A Ṣe Lè Dín Ooru Abẹ́ Ọkọ̀ Kù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì tàbí katakata mọ ooru tí à ń sọ. Kì í ṣe ti oòrùn tó ń gba ojú gíláàsì wọlé. Ìsàlẹ̀ ni eléyìí ti ń wá. Ó ń gba inú bàtà gun ẹsẹ̀, ó ń jó ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí jíà wà, àpò irúgbìn tí ẹ gbé sílẹ̀ ọkọ̀ pàápàá a sì gbóná. Ẹni tó bá jókòó lé irú ooru bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, á rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ní í mú mọ́ lójú ọ̀nà. Ewu gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn.

Nínú agbára tó wà nínú epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń bá èéfín jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù bá ń ṣiṣẹ́ àṣekára, èéfín tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde lè gbóná tó 800°C. Ti dísù kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá ń fa ẹrù gun òkè, 500°C kì í ṣòro fún un. Gbogbo èyí ń gba inú páìpù kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Kò dìgbà tí páìpù bá fara kan ilẹ̀ ọkọ̀ kí ilẹ̀ náà tó gbóná, torí ó ń ta ooru sí i láti òkèèrè, bí ẹyin iná ṣe ń ta sójú ẹni tó dúró nítòsí ààrò. Ooru àtaré yìí kì í sì í fi díẹ̀díẹ̀ pọ̀ sí i: páìpù tó wà ní 500°C ń ta nǹkan bí ìlọ́po méje ooru tí èyí tó wà ní 200°C ń ta. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá mú ojú páìpù tutù díẹ̀, tàbí tí ẹ fi nǹkan dínà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ ọkọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń hàn kíá.

Ẹ wá orísun rẹ̀ ná

Ẹ wa ọkọ̀ náà lóru fún ìdajì wákàtí, kí ẹ gbé ohun tí a fi ń wọn ooru sílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye tó bá sọ sínú ìwé. Bí ara bá tù yín, oòrùn ló ń dà yín láàmú lọ́sàn-án, iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ kò sì ní í wúlò púpọ̀ fún yín. Bí ilẹ̀ ọkọ̀ bá ṣì ń gbóná, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ibi tó ti gbóná jù, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹ wo ihò tí wáyà àti pẹ́dálì gbà wọlé pẹ̀lú. Bí rọ́bà ibẹ̀ bá ti já, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ń gbabẹ̀ wọlé, owó kékeré ló sì máa tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo gbogbo oríkèé páìpù. Níbi tí ẹ bá ti rí dúdú bí èédú, tàbí tí ẹ gbọ́ tó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, èéfín ń jò níbẹ̀. Ẹ má wé nǹkan kan lé e! Èéfín ọkọ̀ ní gáàsì olóró kan tó ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì nínú. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín nínú ọkọ̀, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo yín bọ́ sí ìta. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí wọn yóò fi dí ojú ibi tó ń jò.

Páànù ìdábòòbò

Nǹkan àkọ́kọ́ tí a máa ń béèrè ni pé: páànù tó bá ọkọ̀ wá dà? Àwọn tó ṣe ọkọ̀ sábà máa ń fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín páìpù èéfín àti ilẹ̀ ọkọ̀. Bó bá pẹ́, bóòtì rẹ̀ á dípẹtà, á máa pariwo, mẹkáníìkì á yọ ọ́ jù nù, ariwo á dópin, ooru á sì bẹ̀rẹ̀. Bí páànù náà bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wọ́ṣà fífẹ̀ dì í padà. Lójú tiwa, kò sí owó tí ẹ lè ná lórí ọ̀rọ̀ yìí tó wúlò ju èyí lọ.

Bó bá ti sọnù, ẹ lè ṣe òmíràn. Alumíníọ̀mù tó ń dán dára jù, torí ó ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ooru àtaré padà. Ṣùgbọ́n 660°C ni alumíníọ̀mù ti ń yọ́, ó sì ti ń rọ̀ kó tó débẹ̀, nítorí náà irin ni kí ẹ lò nítòsí ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi àyè bí mìlímítà 10 sí 25 sílẹ̀ láàárín páànù àti páìpù, kí ẹ sì fi díẹ̀ sáàárín páànù àti ilẹ̀ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba àyè yìí kọjá ló ń gbé ooru lọ, torí náà ẹ má dí etí rẹ̀. Ẹ má kùn ún ní dúdú. Kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ mọ ibi tí páìpù epo, ti bíréèkì àti wáyà gbà kọjá.

Téèpù wíwé

Téèpù tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì tàbí ti òkúta basalt hun ń tì ooru mọ́ inú páìpù. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbomú àti aṣọ alápá gígùn, torí fọ́nrán rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń ba èémí jẹ́. Páìpù gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Ẹ fà á le, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan gun èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú téèpù, kí ẹ sì fi okùn irin tí kì í dípẹtà dè é. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá jí ẹ́ńjìnnì, á rú èéfín. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é.

Ẹ má wé ẹnu ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì dà sínú àwòdá, ó lè sán. Ẹ má wé páìpù tó ń ṣẹ́ kọ́rọ́, sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ èéfín wò), tàbí àpótí tó ń fọ èéfín mọ́. Àpótí yẹn ń gbóná fúnra rẹ̀, páànù nìkan ló tọ́ sí i. Bí ọ́ìlì tàbí dísù bá ń kán lábẹ́ ọkọ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra téèpù, torí téèpù tó bá ti mu epo lè gbiná. Téèpù tún ń mu omi, páìpù á sì máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Fún ọkọ̀ oko tó ń wọ ẹrẹ̀ àti odò, páànù ni a yàn. Bí ẹ bá sì bá ohun tí wọ́n fi wé páìpù láyé àtijọ́, tó ń rú bí ìyẹ̀fun, lára ọkọ̀ tó ti gbó, ó lè jẹ́ asbẹ́stọ́ọ̀sì, ìyẹn fọ́nrán òkúta tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fọwọ́ ya á, ẹ má gbá a.

Ọ̀dà

Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n kọ 600°C sí lára kò dí ooru. Ohun tí iye yẹn ń sọ ni pé ọ̀dà náà kò ní í jóná tí páìpù bá gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ó ń dènà ìpẹtà, ó tán. Ọ̀dà sẹ̀rámíìkì gidi, èyí tó máa ń le bí àwo tánganran, yàtọ̀: wọ́n á fi yanrìn fọ páìpù títí irin á fi hàn, wọ́n á fín in, wọ́n á sì yan án nínú ààrò. Kò dí ooru tó téèpù, àmọ́ kì í mu omi.

Katakata àti koríko gbígbẹ

Koríko gbígbẹ máa ń há sáàárín páànù àti páìpù. Bó ṣe ń gbẹ sí i ló ń sún mọ́ iná, pàápàá lásìkò ìkórè. Ẹ máa yọ ọ́ lójoojúmọ́ nígbà tí páìpù bá ti tutù, ẹ má sì gbé ọkọ̀ gbígbóná dúró sórí koríko. Ẹ má ki tìmùtìmù, ọ̀rá tàbí kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sábẹ́ ọkọ̀ rárá láti fi dí ooru. Inú ọkọ̀, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ni ẹ lè tẹ́ ẹní tí wọ́n ṣe fún ooru, tó ní ojú dídán.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gba ọ̀nà kan náà ní àkókò kan náà, kí ẹ gbé ohun tí a fi ń wọn ooru sílẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún gbogbo bóòtì dì, torí ooru á ti tú wọn díẹ̀. Bí òjò bá sì ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, ẹ tú téèpù díẹ̀ wò, kí ẹ lè mọ̀ bóyá páìpù ti ń jẹrà.