Ṣíṣètò àbáwọlé ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì: ti oníbàárà lọ́tọ̀, ti ọlọ́jà lọ́tọ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ọlọ́jà bójú tó ìsọ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ ni pé wọ́n á dá oníbàárà dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wá fi ibi tí àwọn fúnra wọn ń gbà wọlé sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rajà lè sanwó láì ṣí àkáǹtì. Tó bá jẹ́ WooCommerce, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìsọ̀ sórí WordPress, lẹ ń lò, ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Accounts & Privacy, ẹ ó rí ibi tí ẹ máa fàmì sí. Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ mọ oníbàárà àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé íméèlì rẹ̀ àti àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ kó ọjà lọ kò ti wà lọ́wọ́ yín ni? Ó di ìgbà tó bá sanwó tán kí ẹ tó bi í bóyá ó fẹ́ àkáǹtì.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ọ̀nà méjì ti tó o: íméèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà, tàbí àkáǹtì Google. Bí bọ́tìnì bá pọ̀ jù, á gbàgbé èyí tó lò níjọ́sí, á tẹ òmíràn, ọjà tó ti rà á wá pín sí àkáǹtì méjì.

Ẹ má fipá mú un yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lóṣooṣù. Láti 2017 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n yéé ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 1 tó wà níparí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ni oníbàárà kàn máa sọ di 2. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣínà náà gùn ni. Bí ẹnì kan bá sì ní òun gbàgbé tòun, èsì kan náà ni kí ìsọ̀ fún gbogbo èèyàn, yálà íméèlì náà wà lọ́dọ̀ yín tàbí kò sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè á fi mọ àwọn oníbàárà yín.

Ó wá ku ẹ̀yin. Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo íméèlì yín, torí ẹni tó bá gbà á ti gba ìsọ̀ nìyẹn. Kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀. Ẹni tó ń di ẹrù kò nílò àṣẹ Administrator, èyí tó lè yí gbogbo nǹkan padà nínú ìsọ̀. Ẹ tan ìdánimọ̀ onípele méjì, ìyẹn kóòdù tí ìsọ̀ á tún béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, ṣùgbọ́n áàpù tó ń yí kóòdù padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 ni kí ẹ lò, kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù: oníjìbìtì lè tan ilé-iṣẹ́ fóònù títí wọ́n á fi gbé nọ́ńbà yín sórí SIM tirẹ̀. Ẹ kọ àwọn kóòdù ìpamọ́, èyí tí ẹ ó fi wọlé bí fóònù bá sọnù, sórí ìwé. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni kí ẹ pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lo fóònù tí ẹ kò tíì fi wọlé rí, ẹ rajà bí àlejò, ẹ sì díbọ́n pé ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ wo bóyá inú spam ni íméèlì tó yẹ kó dé bọ́ sí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì yín yẹ SPF àti DKIM rẹ̀ wò, ìyẹn ètò méjì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni íméèlì ti wá lóòótọ́.