Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́ o: àṣìṣe tí mò ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ya fọ́tò kiri àdúgbò lọ́jọ́ yìnyín

Ó ti sú mi. Gbogbo ìgbà tí yìnyín bá ti rọ̀ báyìí, kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fọ́tò á ti pè mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ya yìnyín, ó rí bí eérú, ó jọ pé kámẹ́rà yìí ti bàjẹ́, èwo ni kí n rà?" Kò bàjẹ́. Ẹ má ra nǹkankan. Ẹ dá owó yẹn padà sápò kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ka eléyìí, torí ohun tó ń ba fọ́tò ọjọ́ yìnyín jẹ́, kò wọ́pọ̀ kó jẹ́ nǹkan téèyàn lè lọ rà.

1. Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà bá yín pinnu bí yìnyín ṣe máa funfun tó.

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ ní sùúrù fún mi. Mítà inú kámẹ́rà, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ò mọ̀ pé yìnyín ló wà níwájú òun. Nǹkan kan ṣoṣo ló mọ̀: ohunkóhun tó bá rí, á fẹ́ mú un wá sáàárín dúdú àti funfun, sí àwọ̀ eérú kan tó ń dá bíi ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ ògiri, igi àti ojú títì ló wà níwájú ẹ̀, ìṣirò yẹn máa ń bọ́ sí i. Àmọ́ tí gbogbo àdúgbò bá ti funfun, òrùlé funfun, orí mọ́tò funfun, ojú ọ̀nà funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á yáa dín in kù. Ibẹ̀ leérú ti wá. Kámẹ́rà olówó gọbọi ń ṣe é, èyí tí ò tó nǹkan ń ṣe é, fóònù náà ń ṣe é.

Oògùn ẹ̀ ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ + àti − sí lára, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò tàbí tó ń dín in kù. Ẹ yí i sí +1. Tóòrùn bá ń ràn, tí yìnyín sì kún inú àwòrán láti etí dé etí, ẹ lè gbé e dé +1.7 tàbí +2. Tí ilé tàbí igi dúdú bá gba ìdajì ibẹ̀, +0.7 lè tó. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí histogram wò, ìyẹn àwòrán òkìtì-òkìtì tí kámẹ́rà fi ń sọ bí dúdú (lápá òsì) àti funfun (lápá ọ̀tún) ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò. Òkìtì tó dúró fún yìnyín gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún, kó súnmọ́ ògiri ìparí ẹ̀ ṣùgbọ́n kó má fara gbá a. Tó bá ti fara gbá a, yìnyín yẹn ti di bébà lásán nìyẹn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dọ́gbọ́n sí i lórí kọ̀ǹpútà táwọn ìlà wẹ́wẹ́ ara ẹ̀ á padà wá. Ẹ má kàn fojú wo sikirínì ẹ̀yìn kámẹ́rà kẹ́ ẹ ní ó dáa o, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà látorí yìnyín máa ń jẹ́ kí sikirínì ṣókùnkùn lójú èèyàn, ẹ á wá rò pé fọ́tò tó dáa ti dúdú jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fóònù, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ ibi yìnyín lójú sikirínì, àmì òòrùn kékeré kan á yọ, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí yìnyín á fi funfun. Ó parí.

Àbúrò kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an. Lọ́dún tó kọ́kọ́ ya yìnyín, ó rí eérú, ó ta kámẹ́rà ẹ̀ lówó tó kéré sí èyí tó fi rà á, ó fowó kún un, ó ra èyí tó tóbi. Yìnyín tún rọ̀, ó tún rí eérú. Wọ́n ní lẹ́ǹsì ni, ó ra lẹ́ǹsì. Eérú náà nìyẹn. Ìgbà tó tó wá bá mi, mo gba kámẹ́rà náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo yí bọ́tìnnì yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kọ́, kọ́, kọ́, mo ya ọgbà ẹ̀yìnkùlé, mo sì dá a padà fún un. Ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òtútù yẹn. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe sí i, sí àwọn tó gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ rajà láìbi í léèrè pé báwo ló ṣe ń yà á. Èmi náà sanwó ilé ìwé tèmi, torí lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra fílítà kan tí ẹni tó tà á fún mi ní á mú yìnyín funfun, kò mú nǹkankan funfun, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ dòní.

2. Ẹ má gbé kámẹ́rà tó ti tutù wọ yàrá gbígbóná bẹ́ẹ̀ láìbò ó.

Eléyìí ti ba lẹ́ǹsì kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti rìn fún bíi wákàtí mẹ́ta, ọwọ́ mi ti kú, mo wọlé, mo gbé kámẹ́rà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Tí mo fi máa bọ́ bàtà tán, ojú lẹ́ǹsì ti funfun bíi dígí ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lo omi gbígbóná tán. Mo nù ún, ó tún funfun. Mo wá ṣe èyí tó burú jù, mo yọ lẹ́ǹsì náà kúrò lára kámẹ́rà kí n lè nu ẹ̀yìn ẹ̀, ni atẹ́gùn yàrá bá wọ inú méjèèjì, ni ibẹ̀ náà bá ń làágùn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mo gbé e sí iwájú fèrèsé, mo rí àwọn okùn tín-ín-rín funfun tó ń rìn láàárín dígí. Ó ti bu nínú. Owó tí atúnkámẹ́rà ní kí n mú wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àlòkù ẹ̀.

Igò omi tútù tí wọ́n yọ jáde nínú fíríìjì, bó ṣe ń làágùn ni kámẹ́rà náà ṣe ń làágùn. Torí náà, nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà níta, ẹ yọ káàdì àti bátìrì kẹ́ ẹ lè rí fọ́tò yín wò, ẹ ki kámẹ́rà sínú ọ̀rá tó ní síìpù, ẹ fún atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, ẹ tì í pa, kẹ́ ẹ tó wá wọlé. Ìrì yẹn á bà sára ọ̀rá dípò kámẹ́rà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì títí á fi gba ooru yàrá. Ẹ má ṣí ọ̀rá wò. Ẹ fi sílẹ̀.

3. Bátìrì kan ò tó.

Lithium-ion ni bátìrì tó wà nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, òtútù máa ń mú kí iṣẹ́ inú ẹ̀ falẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti wà ní 0°C sísàlẹ̀, ẹ á kàn rí i tó ń já wálẹ̀. Fóònù lè kú lọ́wọ́ yín nígbà tó ṣì ń sọ pé òun ṣì kún díẹ̀. Ẹ fi èkejì sápò inú, èyí tó súnmọ́ ara, kì í ṣe àpò ìta o, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ wọn. Èyí tó "kú" yẹn, tó bá móoru tán, á tún gbé díẹ̀ sí i. Mo ti rí ẹni tó da bátìrì méjì nù nítorí èyí. Ẹ má sì fi bátìrì tó ṣì tutù nini sórí ṣájà, gbígba iná sínú ẹ̀ nígbà tó wà lábẹ́ 0°C máa ń bà á jẹ́ pátápátá.

4. Ẹ má fẹnu fẹ́ yìnyín kúrò lójú lẹ́ǹsì, èémí yín á dì síbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹsẹ̀ yín náà ńkọ́? Yìnyín tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ní in. Mo ń rí àwọn èèyàn tí wọ́n rìn gba àárín pápá kọjá, wọ́n dé òdìkejì, wọ́n yíjú padà, wọ́n wá ń kígbe pé ojú ẹsẹ̀ ti ba ibẹ̀ jẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ta ni? Ẹ dúró létí ọ̀nà, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yà dáadáa, ẹ fi etí ibẹ̀ rìn. Ẹ sì tètè jí, torí tí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín bá ti kọjá, tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ bá ti wọlẹ̀, ẹrẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀.

Tí yìnyín bá ṣì ń rọ̀ lọ́wọ́, ẹ má lo fláàṣì láìnídìí. Àwọn hóró tó súnmọ́ yín ló máa tan ìmọ́lẹ̀ sí, ẹ á kàn rí àmì funfun bọ̀ǹbọ̀ tó bo ojú àwòrán. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí hóró yẹn dúró gbagidi lófuurufú, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 1/250 ìṣẹ́jú àáyá péré, kí ẹ gbé e dé 1/500 tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dà bí òwú tó ń fà wálẹ̀, 1/60 tàbí 1/30. Kẹ́ ẹ sì wá nǹkan tó dúdú sẹ́yìn ẹ̀, ògiri bíríkì, ẹnu ọ̀nà, igi, torí funfun lórí ojú ọ̀run tó funfun, kò sẹ́ni tó máa rí i. Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Vermont lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó ya hóró yìnyín ẹyọ kan nípasẹ̀ máíkíróskóòpù, ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi lójú, lọ́dún 1885, pátákó dúdú ló fi ń gbà á bó ṣe ń jábọ́, á sì di èémí ẹ̀ mú kó má baà yọ́. Ó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó yà kó tó kú lọ́dún 1931. Ẹ̀yin náà lè na apá aṣọ dúdú yín síta. Hóró kan á bà lé e, ẹ̀ka mẹ́fà tó mú ṣáṣá, ẹ ní bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kẹ́gbẹ́ ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí àwòrán ti máa mọ́ kedere: kámẹ́rà á máa lé hóró tó ń jábọ́ kiri, ẹ fi ọwọ́ yín ṣe é tàbí kẹ́ ẹ nà án sí etí nǹkan dúdú.

Òjìji tó ń rí bí aró lára yìnyín, kì í ṣe àìsàn. Òòrùn ò débẹ̀, ojú ọ̀run aláwọ̀ aró ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Tó bá pọ̀ jù, ẹ gbé white balance, ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀ fọ́tò ṣe nínú kámẹ́rà, sí Cloudy tàbí Shade, kẹ́ ẹ sì máa ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí, kẹ́ ẹ lè tún un ṣe nílé. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á títí á fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n da tíì sórí ẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ tín-ín-rín nínú, èyí tó nípọn lókè. Ẹni tí ìka ẹ̀ ti kú ò lè tẹ bọ́tìnnì kankan.

Ẹ má yàwòrán gba ojú fèrèsé ilé àwọn èèyàn, kẹ́ ẹ sì bi òbí kẹ́ ẹ tó ya ọmọ wọn tó ń ṣeré.

Èyí tó kù ni ìwàdùwàdù. Wọ́n á rìn yí gbogbo àdúgbò ká, wọ́n á ya irínwó fọ́tò láìdúró níbì kan, wọ́n á délé tán kò sí ẹyọ kan tó mú èèyàn lọ́kàn, ni wọ́n á wá ní lẹ́ǹsì àwọn ò gùn tó. Ní February 22, 1893, Alfred Stieglitz, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, dúró fún wákàtí mẹ́ta nínú ìjì yìnyín ní New York pẹ̀lú kámẹ́rà àfọwọ́mú kékeré, irú èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ìgbà yẹn ò kà sí, kó tó rí ohun tó ń wá. Èmi ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá mo mú igun kan níbi tí títì ti rọra ń gun òkè, iná òpópónà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mo yí bọ́tìnnì sí +1, mo wá dúró. Ogójì ìṣẹ́jú, ajá kan kọjá, mọ́tò méjì, ẹnìkan tó ń sáré. Nígbà tí mo ti fẹ́ máa lọ, bàbá kan yọ lórí òkè yẹn, ó gbé ọmọ sí èjìká, ọmọ yẹn la ẹnu sílẹ̀ gbàgà ó ń fi ahọ́n gba yìnyín, abẹ́ iná náà gan-an ni wọ́n ti dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tọ bàbá náà lọ, mo fi hàn án, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun, mo sì ki kámẹ́rà sínú ọ̀rá, mo gbalé lọ.