Kí ló ń sán ẹnu kóròfo ọta àgbá bàbá mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìlọrin ni mo wà. Kóròfo ọta àgbá kan wà lọ́wọ́ mi, bàbá mi tó ṣiṣẹ́ ológun ojú omi ló fi sílẹ̀. Idẹ ni, ó fi díẹ̀ ga ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Wọ́n tẹ «40 MM» àti «1943» sí ìdí rẹ̀. Mo dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà, mo gbé e kúrò nínú àpótí. Láti ìgbà òjò, ẹnu rẹ̀ ti sán tẹ́ẹ́rẹ́ níbi mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó jù ú sílẹ̀.

Ìdáhùn: Kóròfo Bofors nìyẹn, àgbá tí wọ́n fi ń yin ọkọ̀ òfuurufú láti orí ọkọ̀ ojú omi. Ibo lo gbé e sí?

Ìbéèrè: Yàrá ẹ̀yìn, lójú fèrèsé. Ilé ẹṣin bàbá àgbà wa ló wà níta níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ó tán! Ìtọ̀ ẹṣin ni. Òórùn tó máa ń ta ni nímú láàárọ̀ yẹn, amóníà ni, ọ̀tá idẹ sì ni. Nínú ìdá 100 idẹ ọta, ìdá 70 jẹ́ bàbà, ìdá 30 jẹ́ sínkì. Tútù ni ẹ̀rọ fà á gùn. Ipá tí wọ́n fi fà á ò jáde tán, ó há sínú rẹ̀, pàápàá lọ́rùn níbi tí wọ́n ti fún un. Bí amóníà àti ọ̀rinrin bá bá a níbẹ̀, á sán. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti rí i ní Íńdíà láyé ẹlẹ́ṣin: ọta tí wọ́n kó sí ilé ẹṣin ń sán fúnra wọn lásìkò òjò. Ìlú ẹlẹ́ṣin làwa náà wà, má bínú.

Ìbéèrè: Ṣé kí n gbé e fún wẹ́dà kó jó o pọ̀?

Ìdáhùn: Rárá o! Wo róbótó kékeré tó wà láàárín ìdí rẹ̀ ná. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, abẹ́rẹ́ ìbọn ò tíì gún un, ó ṣì lè gbiná. Gbé e sílẹ̀, pe ọlọ́pàá.

Ìbéèrè: Ó jìn wọnú, inú kóròfo sì mọ́ féfé. Ṣùgbọ́n alákọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù kan ní Ìpàta ní irin orí rẹ̀, ó wúwo, ó ti kun ún lọ́dà.

Ìdáhùn: Má rà á. Ọ̀dà ò sọ pé ẹ̀tù ti jáde nínú rẹ̀. Bàbà kan máa ń yí ìdí rẹ̀ ká. Bí o bá rí ilà tó dagun lára bàbà yẹn, àgbá ti yìn ín rí, kò sì bú. Irú yẹn ló burú jù. Èyí tí imú rẹ̀ bá ti kúrò, tí o lè fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, òun nìkan ni kí o gbà.

Kóròfo tìrẹ ò ṣeé tún ṣe, àmọ́ o lè dá a dúró níbi tó sán dé. Fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, fi ìda kùn ún. Má lo oje tí wọ́n fi ń dán idẹ tó bá ń ta ni nímú, amóníà wà nínú òmíràn. Gbé e wá sí pálọ̀ níwájú, kí o sì kọjú ibi tó sán sí ògiri.