Bí mo ṣe ṣẹ́gun ewé onírun nínú akuaríọ́ọ̀mù omi iyọ̀ mi

Ẹ kú ilé o. Odidi oṣù mẹ́ta ni ewé tó rí bí irun fi bo òkúta àti iyùn (ẹ̀dá òkun tó ní ẹ̀mí, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) nínú akuaríọ́ọ̀mù mi, ìyẹn àpótí dígí tí mo fi ń sin ẹja òkun, nílé níbí ní Àjàṣẹ́, mo máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á kúrò, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta ó ti hù padà. Wọ́n ní iná ló pọ̀ jù, mo dín in kù, kò yí nǹkan kan padà.

Ìgbà tí mo wọn fọ́sífétì, èròjà inú omi tó máa ń bọ́ ewé, ni mo rí i: 0.4 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), ó ti pọ̀ jù! Mo wá ní kí n wọn omi ẹ̀rọ tí mo fi ń po iyọ̀, òun náà ní tiẹ̀ nínú, àṣé gbogbo ìgbà tí mo bá ń pààrọ̀ omi, ajílẹ̀ ni mò ń bù fún ewé yẹn. Edé dídì tí mo fi ń bọ́ ẹja náà ń dá kún un, torí mi ò kì í ṣan omi ara ẹ̀ dànù.

Mo ra asẹ́ RO/DI, èyí tó ń yọ ohun tó yòrò sínú omi kúrò, omi tó ń jáde níbẹ̀ TDS ẹ̀ (iye ohun tó yòrò sínú ẹ̀) jẹ́ 0, mo wá ń pààrọ̀ 10% lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì fi GFO (hóró irin dídípẹtà tó ń fa fọ́sífétì mọ́ra) díẹ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ ni o, tí fọ́sífétì bá já wálẹ̀ lójijì iyùn lè funfun kó sì kú. Iyọ̀ mi wà ní 1.025 (bí omi náà ṣe wúwo tó sí omi tí kò níyọ̀), dKH (òṣùwọ̀n agbára omi láti má ṣe di kíkan) ní 8, mi ò jẹ́ kí wọ́n máa lọ sókè sódò.

Ní báyìí fọ́sífétì ti di 0.05 ppm. Ìgbín òkun mélòó kan ló jẹ ewé tó kù, lálẹ́ àná mo rí iyùn mi tó tún na ọwọ́ wínníwínní ẹ̀ síta.