Bí Mo Ṣe Ń Jẹun Yó Tí Mo Sì Ń Jò

Òwú ni mo fẹ́ fi sójú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo nà án lẹ́ẹ̀kíní, kò wọlé. Mo tún un nà, ojú abẹ́rẹ́ di méjì. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni igbe ọmọ iṣẹ́ mi: "Ẹ gbà mí o, ọ̀gá mi ti dákú!" Nígbà tí mo lajú, omi ti rin mí láti orí dé àyà, ìyá alágbo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì ti ń fi ṣíbí ya eyín mi. Ní Tákié, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nìyẹn o, lójú ọlọ́kadà, lójú èrò ọjà.

Kò sí àìsàn kankan lára mi. Ebi ni. Èmi fúnra mi ni mo sì fi pa ara mi fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo lọ yẹ̀ wò ní ọsibítù tí wọ́n fi gbé mi gun òṣùwọ̀n: kílò 92. Gíga mi jẹ́ mítà 1.62. Nọ́ọ̀sì pín kílò náà sí gíga mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó lé díẹ̀ ní 35, àti pé láti 30 lọ sókè ni wọ́n ti ń ka èèyàn mọ́ àwọn tó sanra kọjá ààlà. Ó ní kí n lọ dín ara kù. Bí mo ṣe máa dín in kù, kò sọ. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi. Aránṣọ sì ni mí. Bí wọ́n bá sọ fún aránṣọ pé aṣọ ti gbòòrò jù, àlùmọ́gàjí ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ bá. Bí mo ṣe gé oúnjẹ nìyẹn.

Oṣù kìíní ọdún ni, ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, mo bá rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá ní kí n wá bá òun jẹun, "mo wà nínú ààwẹ̀" ni èsì mi. Àwọn yòókù ń ṣínu ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń jẹun gidi. Kùkúmbà àti tíì ni èmi fi ń ṣínu, bó bá wá rẹ̀ mí jù, mọ́ínmọ́ín kan. (Ọlọ́run á dárí ààwẹ̀ yẹn jì mí.) Tíì ọ̀hún, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń polówó pé ó ń fa ikùn wọlé ni. Ilé ìgbẹ́ ló ń fà mí lọ. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ewé tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú rẹ̀: omi ara ló ń gbé jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà.

Kílò mẹ́fà ló lọ láàárín ọjọ́ mọ́kàndínlógún yẹn. Inú mi dùn débi pé mi ò kíyè sí i pé òtútù ń mú mi lọ́sàn-án gangan, pé mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo, pé ọkà ni mò ń lá lálàá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọkà láfún tó ń ṣe èéfín, gbẹ̀gìrì lórí rẹ̀, ni mò ń rí lójú oorun.

Màámi ni wọ́n kọ́kọ́ dé ọsibítù. Wọ́n wo ojú mi títí. "Àkànkẹ́, ọmọ Ajílété ni ọ́ o, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ ebi?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n fa omi sí mi lára tán, dókítà ní kí n lọ rí obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọmọdébìnrin ni, kò lè ju àbúrò mi lọ, àmọ́ ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ jẹ lánàá fún mi, mà." Mo kà á. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń ṣírò. Nígbà tó parí, ó gbé bírò sílẹ̀. "Mà, kò tó 500 kálórì. Ọmọ ọdún kan ń jẹ jù báyìí lọ."

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára inú oúnjẹ, bí àwa ṣe ń fi ínṣì wọn aṣọ. Ó yí bébà náà padà, ó ṣírò tèmi sẹ́yìn rẹ̀. Bébà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kílò 92 tí mo wọ̀n kí n tó gé oúnjẹ ló lò: lọ́nà 10, ó jẹ́ 920. Gíga mi, sẹ̀ǹtímítà 162, lọ́nà 6.25 jẹ́ 1,012.5. Ó pa méjèèjì pọ̀, ó yọ ọjọ́ orí mi lọ́nà 5 kúrò (ọmọ ọdún 36 ni mí, ìyẹn 180), ó tún yọ 161 nítorí pé obìnrin ni mí. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni, dípò kó yọ 161, 5 ló máa fi kún un. Ó kù 1,591 àti ààbọ̀. Láti 1990 ni ìṣirò yìí ti wà, orúkọ méjì lára àwọn tó ṣe é, Mifflin àti St Jeor, ni wọ́n fi ń pè é.

"Èyí ni ara yín ń ná lójúmọ́ bí ẹ bá tiẹ̀ sùn gbalaja láti àárọ̀ dalẹ́," ló wí. Ọkàn ń lù, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kì í gba ìsinmi. Nítorí pé mo máa ń rìn lọ ra ohun èlò lọ́jà, tí mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, ó mú un lọ́nà 1.375. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2,190. Ìyẹn ni mo gbọ́dọ̀ máa jẹ bí mo bá fẹ́ dúró sí kílò 92. Bí mo bá wá fẹ́ jò, kí n yọ 500 kúrò níbẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. 1,690.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí n máa jẹ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mò ń jẹ, kí n sì máa jò? Ó ṣàlàyé pé kílò ọ̀rá ara kan tó bíi 7,700 kálórì. Ẹni tó ń dín 500 kù lójúmọ́, 3,500 ló ń dín kù lọ́sẹ̀, kò jìnnà sí ààbọ̀ kílò. Ààbọ̀ kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi àti ẹran ara lèèyàn ń pàdánù, òkúta sì lè dì sínú òróòro. Ó ní obìnrin kò gbọ́dọ̀ jẹ ohun tó dín ní 1,200 lójúmọ́, ọkùnrin 1,500, àyàfi tí dókítà bá ń ṣọ́ wọn.

Ó tún sọ ìtàn kan fún mi tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1944 sí 1945, ní Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọkùnrin 36 tí ara wọn dá ṣáṣá jọ, ó ń fún wọn ní bíi 1,570 kálórì lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ní ọ̀rá lára bíi tèmi. Òtútù ń mú wọn, inú ń bí wọn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gba gbogbo ọkàn wọn, àwọn kan tiẹ̀ ń jókòó ka ìwé oúnjẹ sísè. Mo rántí ọkà àti gbẹ̀gìrì ojú àlá mi. Èmi tí mo rò pé ọ̀jẹun ni mí!

Bí mo ṣe délé, mo ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Òróró ẹ̀pà tí mo máa ń dà sí ìkòkò ata ọ̀sẹ̀ kan, ìgò bíà kan ni, oní sẹ̀ǹtílítà 60. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 kálórì! Gíráàmù ọ̀rá kan, kálórì mẹ́sàn-án ni. Ti gààrí, ti ṣúgà, ti ara ẹran tí kò lọ́ràá, mẹ́rin ni agbára tó wà nínú gíráàmù sítáàṣì, ṣúgà tàbí purotéènì wọn. Ṣíbí ìjẹun òróró tàbí epo pupa kan tó 120. Mo dín in sí ṣíbí mẹ́wàá fún ìkòkò kan náà. Ọkọ mi kò mọ̀ títí di òní. Míńírà oní sẹ̀ǹtílítà 50 tí mo ń mu lọ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù, bíi 200 ni, kò sì yó mi rí. Òun náà lọ.

Ọkà kò lọ o. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àmọ́ ẹ má wọn ọkà tí ẹ ti rò tán. Ọkà líle àti ọkà rírọ̀ kì í wọn bákan náà, omi ló fa ìyàtọ̀. Èlùbọ́ gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n. 100 gíráàmù rẹ̀ súnmọ́ 350 kálórì. Nígbà tí mo wọn èyí tí mo máa ń bù tẹ́lẹ̀ láìwo nǹkan kan, 200 gíráàmù ni, 700 kálórì, kí ọbẹ̀ tó dé. 80 ni mò ń rò báyìí, mo sì fi ẹja àti ewédú dí àlàfo rẹ̀. Màámi bá mi nídìí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé wúrà lò ń wọ̀n ni?"

Kí n sọ òtítọ́: jíjẹ tó nira fún mi ju ebi lọ. Ẹ̀rù oúnjẹ ti wọ̀ mí lára. Lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí mo padà sídìí oúnjẹ, òṣùwọ̀n gun òkè láti 86 dé 89, mo sì sunkún. Omi tí ebi gbé lọ ló ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lórí òṣùwọ̀n láàárọ̀? Ọmọdébìnrin yẹn ní kí n má wọn ara mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, kí n máa jẹun àárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ gbígbóná, mọ́ínmọ́ín kan, ẹyin méjì bíbọ̀. Ẹyin kan tó bíi 70. Bí mo bá ti jẹ ìyẹn, mi ò ní wá ohun tí mo máa pa lẹ́nu títí di aago kan. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, ní aago mẹ́rin ni wọ́n máa bá mi nídìí àkàrà.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí bá pọ̀ lójú mi ló máa ń ṣòro. Ilẹ̀ á ṣú, mo ṣírò, 900 péré ni mo tíì jẹ. Tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá yọ̀. Ní báyìí, mo kọ́ láti wá nǹkan kékeré tó ní agbára púpọ̀: 50 gíráàmù ẹ̀pà yíyan, ó lé ní 280, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, bíi 200. Mo tún máa ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, mo ń sè é sínú ọbẹ̀ dípò kí n dín in. Àsìkò kájú nìkan ló fẹ́ ṣẹ́gun mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Aládùúgbò yan kájú, ó bù fún mi, mo ń rán ṣòkòtò, mo ń jẹ, mo ń rán, mo ń jẹ. Ìgbà tí mo wo inú abọ́, mo ti jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ méjì.

Lóṣù kẹrin, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Onídìrí ló kọ́kọ́ rí i. Mo rò pé oúnjẹ tuntun ló fà á, àṣé gbèsè oṣù kìíní ni: bí ebi bá mú ara, ó máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí irun tó já. Ó dúró fúnra rẹ̀ kí oṣù keje tó parí. Lóṣù karùn-ún, òṣùwọ̀n dúró sí 85 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò mì. Mo mú téèpù tèmi, mo fi wọn ìbàdí. Ínṣì 42 tó wà nínú ìwé oníbàárà mi (orúkọ mi wà níbẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn) ti di 40. Mo fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Oníbàárà mi kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní kí n kọ iye kálórì mi fún òun kí òun náà máa jẹ bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀, kò dùn mọ́ ọn. Insulin, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ló ń gún. Ẹni tó ń gún un tó bá ṣàdédé gé oúnjẹ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tó lè dákú jù tèmi lọ. Dókítà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣírò tirẹ̀. Aboyún àti ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú náà, kí wọ́n má wo bébà mi rárá.

Lóṣù kẹsàn-án, mo wọ̀n kílò 79. Mo tún ìṣirò náà ṣe, torí ara tó bá kéré sí i, owó tó ń ná dín kù: 2,190 ti di 2,010. Bí mo bá tún yọ 500, á kù 1,510, ebi á sì máa pa mí ní ìrọ̀lẹ́. 300 ni mò ń yọ báyìí. Á pẹ́ sí i. Kí ló ń lé mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo jókòó fún gbogbo bùbá mi, mo ń fún wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé àlùmọ́gàjí wá, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n gé èyí tó lé kúrò?" Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo ká a sínú, mo rán an mọ́ra.